Agbábọ́ọ̀lù Tí A Wé Láwàní Fún

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tó dá ẹsẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó rí bọ́ọ̀lù gbá. Ìkẹ́ àti ìgẹ̀ kó máa bá Ànábì wa, ẹni tí àwọn èèyàn rẹ̀ fẹ́ràn ju ẹ̀mí ara wọn lọ, síbẹ̀ tí kò jẹ́ kí wọ́n máa dìde dúró nítorí òun.

Ẹ̀yin jamáà, mi ò wá ṣe ẹ̀fẹ̀ lónìí. Inú ń bí mi. Ẹ jẹ́ n tètè là á fún yín, kí ẹni tó bá fẹ́ lọ lè mú sálúbàtà rẹ̀: fàrílà ni, dandan ni, fún Mùsùlùmí láti sọ òtítọ́ fún Mùsùlùmí ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí ẹni náà bá ṣe ga tó, bẹ́ẹ̀ ni kí òtítọ́ ṣe yára dé etí rẹ̀ tó. Ẹni tí ẹ̀ ń yìn tí ẹ ò lè bá wí, ẹ ò fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ̀ ń fi í ṣeré ni.

Kí ló bí mi nínú? Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá, nínú mọ́sálásí yìí, ẹ̀yìn ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni mo wà tó wọ ẹ̀wù bọ́ọ̀lù. Wọ́n kọ orúkọ òyìnbó gbàgàdà sí ẹ̀yìn rẹ̀. Mo kábárà pé Ọlọ́hun tóbi jù, orúkọ òyìnbó. Mo dìde láti rúkúù, òun náà ló tún ń wò mí lójú kòrókòró. Nígbà tí a sàlámà tí ìrun parí, mo ní, “Ọmọ mi, ta ni wọ́n kọ séyìí?” Há! Ojú rẹ̀ tàn bí iná mọ̀nàmọ́ná. Ó ka ìlú tí wọ́n ti bí ọkùnrin náà fún mi, ó ka iye góòlù tó gbá wọlé, ó ka ẹsẹ̀ tó fi ń gbá a. Mo ní ó dáa, orúkọ bàbá tó bí bàbá rẹ ńkọ́? Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo àjà.

Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ rẹ́rìn-ín dáadáa, ọmọ yín ni.

Ṣé mo ní bọ́ọ̀lù jẹ́ àràámù ni? Ẹnikẹ́ni má lọ fi ọ̀rọ̀ sí mi lẹ́nu. Agbábọ́ọ̀lù kan ni mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀. Èmi àti ẹ̀ pàdé rí, ojúkojú. Ẹ̀bá kànga la ti pàdé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé mi ò kàwé ní Mẹ́kà. Ojú títì ni mo ti kàwé. Mo ti ru àpò obì títí ẹ̀yìn mi fi tẹ̀, mo ti fọ ọkọ̀ ní Jẹ́bà, mo ti sùn lábẹ́ tírélà ní Mọ́kwá tí epo ń kán sí mi lójú. Mọ́kwá yẹn náà ni málàámù kan tó ń lẹ táyà ti kọ́ mi ní kéwú. Bó ṣe ń lẹ táyà lọ ni èmi náà ń ka tèmi lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí mo bá ṣì í, á fi róbà gbá mi létí. Kò yìn mí rí títí mo fi kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọlọ́hun bá mi kẹ́ ẹ, ìdí tí mo fi mọ̀wé nìyẹn.

Ó ti lé lógún ọdún tí mo dé ìlú kan láàárín Ìsẹ́yìn sí Sakí. Ẹ má bi mí lórúkọ ìlú náà. Wọ́n ní kí n máa pọnmi sínú kẹ́tù àlùwàlá, kí n máa gbá mọ́sálásí, kí n máa sùn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, àwọn á máa fún mi lóúnjẹ. Olómi ni wọ́n ń pè mí, tọmọdé tàgbà. Kò dùn mí. Omi ni mò ń pọn lóòótọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ladani kò tíì pe ìrun Àsùbáà, ọkùnrin gìrìwò kan ń tiro bọ̀. Ó kí mi, ó gbé kẹ́tù, ó jókòó. Ó kọ́kọ́ fọ ẹsẹ̀. Ó fọ ẹsẹ̀ tán, ó da omi lé orí. Ó da omi lé orí tán, ó wá ń wò yíká bí ẹni tó ju nǹkan nù.

Mo ní, “Ìwọ ọkùnrin yìí, ta ló kọ́ ọ ní àlùwàlá? Ewúrẹ́?”

Ó gbójú sókè. Mo rò pé yóò là mí mọ́lẹ̀ ni, nítorí apá rẹ̀ tó itan mi. Ó bú sẹ́rìn-ín.

“Baba, ẹ ò mọ̀ mí ni?”

“Ṣé ìwọ ló bí mi ni, tí n óò fi mọ̀ ọ́?”

“Èmi ni Ṣítù. Ṣítù Ẹ̀fúùfù.”

“Ẹ̀fúùfù ni o, òjò ni o, ọwọ́ la kọ́kọ́ ń fọ̀. Da omi yẹn nù, ká tún un ṣe.”

Mi ò mọ̀ ọ́n, ẹ̀yin ará. Rédíò awakọ̀ ni mo máa ń gbọ́, àwọn awakọ̀ á máa pariwo, èmi á máa wá ibi tí n óò sùn. Lẹ́yìn náà ni mo tó mọ̀ pé nígbà tí ọkùnrin yìí bá gbé bọ́ọ̀lù, ìlú á pa rọ́rọ́, àwọn agbẹ̀ á gbé ọkọ́ sílẹ̀ lóko. Wọ́n ní bí wọ́n bá ti lọgun pé “Ẹ̀fúùfù!” ní pápá, gbogbo òǹwòran á dáhùn pé “Ó ń fẹ́ bọ̀!” Orúnkún ọ̀tún rẹ̀ ló bàjẹ́ tó fi fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ tó sì padà wá sí ilé ìyá rẹ̀.

Ó jókòó tì mí láàárọ̀ náà, ó ní, “Baba, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí tí wọ́n fi mú mi lọ sí kámpù. Láti ìgbà náà, ẹsẹ̀ mi nìkan ni wọ́n ń kọ́ ní nǹkan. Tí mo bá wà nínú sàfù, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ni mò ń wò. Ìyá mi ti darúgbó. Mo ní kí ló fẹ́ kí n ṣe fún un. Ó ní òun ò fẹ́ ilé, òun ò fẹ́ ọkọ̀. Ó ní bí òun bá kú, èmi tí òun bí ni kí n síwájú, kí n kírun sí òun lára. Baba, mi ò mọ Fátíhà délẹ̀.”

Ohun tó gbé e wá nìyẹn. Ohun kan ṣoṣo ni.

Mo ní, “A máa kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ìrun ààyè la ó kọ́kọ́ mọ̀, ìrun márààrún. Tá a bá mọ̀ ọ́n tán, a ó wá kan ti òkú.” Bí mo ṣe tò ó nìyẹn. Ọlọ́hun ló mọ̀ bóyá bí mo ṣe tò ó ló burú.

Ẹ jẹ́ n jẹ́rìí sí ọkùnrin yìí. Mi ò tíì rí akẹ́kọ̀ọ́ bí i tiẹ̀ rí. Tí mo bá sọ fún un pé báyìí la ṣe ń tẹ̀ rúkúù, kí ẹ̀yìn tẹ́jú, á tún un ṣe ní ọgọ́rùn-ún ìgbà. Ọgọ́rùn-ún, mi ò purọ́! Á máa yí kànga po, á máa ka Fátíhà, orúnkún á máa dùn ún, òógùn á bò ó bí ẹni tó ń roko. Mo ní ó tó. Á ní, “Baba, ẹ jẹ́ n tún un gbá.” Mo ní kì í ṣe gbígbá, kíkà ni. A jọ rẹ́rìn-ín. Tó bá ṣì í, mo ń jágbe mọ́ ọn, ọjọ́ tí mo bá sì jágbe mọ́ ọn jù ni kì í ṣì í mọ́.

Ìyá rẹ̀ ń jẹ́ Mọ̀ríámọ̀. Ó ń po òrí, gbogbo ilé wọn ló ń ta sánsán òrí. Èmi ni mo máa ń gbé omi lọ fún un. Bó bá ti gbọ́ ìró ẹsẹ̀ mi, ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, á ní, “Ààfáà, ẹ ti dé ibi tèmi?”

Mo ní, “Ìyá, ó ku díẹ̀. Ìrun Àsùbáà la wà.”

“Ẹ ṣe é kíá o. Èmi náà ò jókòó pẹ́ mọ́.”

Àárọ̀ mẹ́tàdínlógún la fi ṣe é báyìí. Ní Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e ló bá dúró kí ìrun ọ̀sán, ó fẹ́ jókòó sẹ́yìn jẹ́ẹ́jẹ́. Ẹnìkan rí i. Lèmọ́mù wà lórí mínbárì o, kùtùbá ń lọ lọ́wọ́, ohun tí a kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ nígbà tó bá ń lọ! Ọkùnrin kan lọgun láti ẹ̀yìn pé, “Ẹ̀fúùfù!” Gbogbo mọ́sálásí dáhùn: “Ó ń fẹ́ bọ̀!” Nínú ilé Ọlọ́hun! Wọ́n yíjú sẹ́yìn, wọ́n kẹ̀yìn sí Kíbúlà. Wọ́n gbé bàbá arúgbó kan dìde ní sàfù kìíní, wọ́n ní kí agbábọ́ọ̀lù wá jókòó síbẹ̀. Lèmọ́mù ńkọ́? Ṣé ó bínú? Ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Màsàllà, ìlú wa ti gòkè.”

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, wọ́n ti ṣèpàdé, wọ́n ní Ṣítù ni Balógun Àdínnì. Ẹ bá mi rò ó. Balógun ẹ̀sìn! Ẹni tí kò tíì mọ iye rákáà tó wà nínú ìrun Àlásárì láìka ìka! Mo lọ bá Lèmọ́mù nílé, mo bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, mo kúnlẹ̀.

Mo ní, “Lèmọ́mù, ọkùnrin yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrun ni. Ẹ jẹ́ kó mọ̀ ọ́n tán ná.”

Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. “Ìwọ ta ni?”

“Olómi ni, Lèmọ́mù.”

“Àwọn tó ń wojú rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn ń bọ̀ wá sí mọ́sálásí wa, ìwọ wá ń jágbe mọ́ ọn lẹ́bàá kànga bí ọmọ ilé-kéwú. Mo ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. O ń dójú ti Balógun wa.”

“Kò mọ̀ ọ́n, Lèmọ́mù.”

“Ta ló bi ọ́? Lọ pọnmi.”

Mo lọ pọnmi.

Wọ́n wé láwàní fún un. Láwàní náà ga bí ìdì igi. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo pọnmi sílẹ̀, mo ń retí rẹ̀. Kò wá. Ìjọ́ kẹta, kò wá. Mo pàdé rẹ̀ lọ́nà, èèyàn bí ogún ń tẹ̀ lé e. Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ojú ń tì í díẹ̀, ó ní, “Baba, ẹ jẹ́ kí ariwo rọlẹ̀ ná. Lèmọ́mù ní kò yẹ Balógun.” Kí n má purọ́ mọ́ ọn, ìyìn náà dùn mọ́ ọn. Ta ni kì í dùn mọ́? Ìwọ tó ń mi orí yẹn, tí wọ́n bá wé e fún ọ lónìí, ṣé wàá ní o ò gbà?

Mo gbé omi dé ọ̀dọ̀ ìyá. “Ààfáà, mo gbọ́ pé wọ́n wé láwàní fún ọmọ mi. Ẹ ti wá dé ibi tèmi?”

Ẹ̀yin jamáà, mo ní, “A ti ń débẹ̀, ìyá.”

Irọ́ ni! Irọ́ ni mo pa fún arúgbó tó ń palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Ó ní, “Alhamdulillahi,” ó sì fi òrí pa mí lẹ́sẹ̀, nítorí ẹsẹ̀ mi ti là. Mo jókòó, ó pa á. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Èmi náà wo ara mi bẹ́ẹ̀.

Kò tó ogójì ọjọ́, Ìyá Mọ̀ríámọ̀ kú. Àárọ̀ Ọjọ́rú ni. Nígbà tí oòrùn fi máa gùnkè, iwájú ilé wọn ti kún títí dé ojú títì. Ṣé gbogbo wọn mọ ìyá ni? Ṣítù ni wọ́n wá wò. Ìyá Hálímọ̀, obìnrin tó ń wẹ òkú obìnrin ní àdúgbò náà, tí òun àti olóògbé ti jọ po òrí láti ìgbà ọmọge, ló wẹ̀ ẹ́, tó fi aṣọ funfun dì í. Wọ́n gbé e sórí ẹní níwájú wa. Àwọn obìnrin wà lọ́ọ̀dẹ̀.

Lèmọ́mù ní, “Balógun Àdínnì, ẹ síwájú. Ìyá yín ló sọ bẹ́ẹ̀.”

Mo rí i tí ojú rẹ̀ wá mi nínú èrò. Ó rí mi. Mo mọ ohun tí ojú yẹn ń bèèrè. Láàárín èmi àti ẹ̀, bóyá sàfù mẹ́rin ni. Ìṣísẹ̀ mẹ́jọ! Kí n rìn ín, kí n sọ ọ́ sí i létí: kábárà mẹ́rin, ìdúró ni, má tẹ̀ o. Ó tán. Àwọn àlájì ló kún àárín. Mo ní olómi ni mí, báwo ni n óò ṣe là wọ́n kọjá? Mo wolẹ̀.

Ó síwájú.

Ó kábárà. A kábárà. Ó dákẹ́, mo mọ̀ pé Fátíhà ló ń kà, torí mo mọ bí èjìká rẹ̀ ṣe máa ń rọ̀ tó bá dé ìparí rẹ̀. Ó kà á pé. Ó tún kábárà. Ló bá tẹ̀ rúkúù.

Ẹ̀yin tẹ́ ò mọ̀, ẹ fetí sílẹ̀. Ìrun òkú kò ní rúkúù, kò ní sùjúdù. Òòró la wà títí. A kábárà, a ka Fátíhà. A kábárà, a ṣe àsàlátù fún Ànábì. A kábárà, a bẹ Ọlọ́hun fún òkú. Ẹ̀kẹrin, a sàlámà. A kì í tẹ̀ba, nítorí òkú ló wà níwájú. Ṣùgbọ́n kí ni Ṣítù mọ̀? Ohun tí mo kọ́ ọ ló ṣe. Ó sì ṣe é dáadáa. Ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ́jú bí pákó, bí mo ṣe ní kó máa ṣe é.

Bí lèmọ́mù bá ṣì í, kí la ń wí? Ẹ dá mi lóhùn! Sùbúhánàlláhì! Ọ̀rọ̀ kan péré. Ọmọ ọdún méje mọ̀ ọ́n. Lèmọ́mù àgbà wà lẹ́yìn rẹ̀ gan-an: ó tẹ̀. Ladani tẹ̀. Sàfù kìíní tẹ̀, ìkejì tẹ̀, àwọn kan lẹ́yìn dúró bí igi tí kò mọ ibi tí yóò wó sí, wọ́n wo ẹni iwájú, àwọn náà tẹ̀. Èmi ńkọ́? Ẹ bi mí! Èmi tí róbà táyà ti gbá létí nítorí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan? Mo tẹ̀.

Ó dìde. Ó kábárà, ó fọwọ́ ti orúnkún tó ń dùn ún, ó ń rọra lọ sílẹ̀. Ẹ wá wò ó: kí iwájú orí rẹ̀ tó kanlẹ̀, àwọn sàfù iwájú ti kanlẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Òkú nà sílẹ̀ gbalaja níwájú wọn.

Láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, Ìyá Hálímọ̀ figbe ta. “Ẹ dìde! Ẹ̀yin ọkùnrin wọ̀nyí, ẹ dìde ńlẹ̀! Mọ̀ríámọ̀ lẹ̀ ń forí balẹ̀ fún!”

Ìrun tú. Lèmọ́mù gbọn iyẹ̀pẹ̀ iwájú orí rẹ̀ nù, ó ní, “Ìyá, ẹ dákẹ́. Obìnrin kì í dá sí èyí.”

“Èmi ni mo wẹ̀ ẹ́! Omi tí mo fi wẹ̀ ẹ́ ò tíì gbẹ lọ́wọ́ mi. Ìrun wo lẹ kí sí i lára? Ìrun Àlásárì?”

Ṣítù yíjú sí Lèmọ́mù. “Kí ni mo ṣe?”

“Ó dára, Balógun. Kò sí nǹkan kan. Ẹ jẹ́ ká gbé e.”

Ẹ gbọ́ bí? Níwájú òkú! Ó dára!

Ṣítù fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ó la sàfù kọjá, èèyàn ń yà fún un, títí ó fi dúró níwájú mi.

“Baba. Ṣé mo ṣì í?”

“O ṣì í.”

“Ẹ rí mi nígbà tí mo ṣì í?”

“Mo rí ọ.”

“Kí lẹ ṣe?”

“Mo tẹ̀ lé ọ.”

Ó ń wò mí. Mo rò pé yóò lù mí, ó wù mí kó lù mí. Ó yíjú sí èrò, ohùn rẹ̀ kò lọ sókè, ṣùgbọ́n gbogbo wa gbọ́ ọ.

Ó ní, “Ní pápá, tí mo bá gbá bọ́ọ̀lù kan fo òpó lójú góòlù, ẹgbàágbèje èèyàn á dìde, wọn á bú ìyá mi. Ọmọdé, àgbà, wọn á bú ìyá mi délé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbí yìí, ẹ bú u rí. Lọ́jọ́ kejì, mo máa ń lọ gbá ọgọ́rùn-ún bọ́ọ̀lù kí n má baà tún un ṣì. Lónìí, ìyá mi ló nà sílẹ̀ níbí. Ohun kan ló bẹ̀ mí. Mo ṣì í níwájú yín, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó lè bú mi?”



Ó tú láwàní, ó kó o lé Lèmọ́mù lọ́wọ́. “Ẹ bá mi mú un dání. Ó ń dí mi létí.” Ó wá dúró níwájú mi bó ṣe máa ń dúró lẹ́bàá kànga, apá méjèèjì sílẹ̀. “Baba, a ti dé ibi tiẹ̀. Ẹ kọ́ mi.”

Mo kọ́ ọ. Nínú oòrùn, níṣojú gbogbo ìlú. Mo ní, “Kábárà.” Ó ní, “Kábárà.” Mo ní, “Má tẹ̀.” Ó ní, “Mi ò ní tẹ̀.” Bí ahọ́n rẹ̀ bá kọ́ lórí àdúà, mo jágbe mọ́ ọn. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, ó ń tún un ṣe. Àwọn àlájì dúró, òógùn ń bò wọ́n nínú agbádá. Ẹ jẹ́ kó bò wọ́n! Nígbà tó mọ̀ ọ́n, ó padà síwájú, kò yíjú wẹ̀yìn mọ́. Kábárà mẹ́rin, kò tẹ̀ nínú ọ̀kan. Ó sàlámà.

Ẹ rò pé ìtàn parí síbẹ̀, tí gbogbo ìlú ronú pìwà dà? Ẹ ò mọ ọmọ aráyé.

A gbé ìyá wọ inú sàréè. Ṣítù bẹ̀rẹ̀, ó bu yẹ̀pẹ̀ àkọ́kọ́, kò tíì dà á tí ọkùnrin kan fi na bébà àti bírò sí i lójú. Èèyàn tó tó ọmọ àádọ́ta ọdún, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀. “Ẹ̀fúùfù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fọwọ́ sí i. Ilé mi ni mo máa lẹ̀ ẹ́ mọ́.”

Mo gbé ṣọ́bìrì. Wọ́n dì mí mú.

Ṣítù da yẹ̀pẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ sínú sàréè. Ó gba bírò, ó kọ̀wé sí bébà, ó dá a padà fún ọkùnrin náà. Ọkùnrin náà wò ó, ẹ̀rín kú lójú rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe orúkọ yín lẹ kọ. Mọ̀ríámọ̀ lẹ kọ síbí.”

“Ẹni tí o wá sin nìyẹn,” Ṣítù wí. “Lọ lẹ̀ ẹ́ mógiri.”

Ẹ̀yin ará mi, ẹ ó bi mí pé, ṣé ó yẹ ká yin akíkanjú orí pápá? Ó yẹ. Ẹni tó bá dá ìlú nínú dùn, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ fún un lómi tútù, ẹ ní Ọlọ́hun á wo orúnkún rẹ̀ sàn. Bí ẹ bá fẹ́ yìn, ẹ yin ọgọ́rùn-ún ìgbà tó tún ohun kan ṣe nígbà tí kò sẹ́ni tó ń wò ó, kí ẹ sì lọ fi kọ́ra. Ṣùgbọ́n ìyìn tí ẹ̀ ń yìn ín títí tí kò fi lè bèèrè ohun tí kò mọ̀ mọ́, ìyẹn kì í ṣe ìyìn. Ẹ mọ ògiri yí i ká ni, ẹ sì ń jó ní ìta ògiri. Ó ń dá kú síbẹ̀, ẹ̀ ń jó.

Kì í sì í ṣe agbábọ́ọ̀lù nìkan. Ẹ ní ọlọ́lá tí ẹ̀ ń pè ní bàbá ìsìláámù tí ẹ mọ̀ pé kì í gbààwẹ̀. Ẹ ní ààfáà tí ẹ mọ̀ pé ó ń ṣi ẹsẹ Àlùkùránì kà lọ́dọọdún, ẹ̀ ń ṣe àmín. Ta ló sọ fún wọn? Ẹ̀ ń bẹ̀rù pé wọn kò ní kí yín mọ́. Lọ́jọ́ Àlùkìyáámọ̀, tí ẹni tí ẹ yìn bá di ọ̀kọ̀ọ̀kan yín lẹ́wù mú, tó ní, “O rí mi, kí lo ṣe?” kí lẹ fẹ́ wí? Èmi ti dáhùn tèmi ní dúníyàn, níwájú òkú. Ó korò. Kò tíì kúrò lẹ́nu mi.

Ẹ tẹ́ ọwọ́ yín. Ọlọ́hun Ọba, má fún wa ní ẹgbẹ̀rún èèyàn tí yóò máa pariwo orúkọ wa, ṣùgbọ́n má fi ẹyọ kan tí yóò sọ fún wa pé a ṣì í dù wá. Bí a bá rí àṣìṣe ọmọ ìyá wa, tú ahọ́n wa kí ó tó pẹ́ jù. Bí wọ́n bá tọ́ka sí tiwa, mú ọkàn wa rọ̀ ká lè gbọ́. Kẹ́ Mọ̀ríámọ̀, kẹ́ gbogbo ìyá tó retí wa tí a purọ́ fún. Fi ọ̀nà mọ wá, má sì jẹ́ kí láwàní ẹnikẹ́ni dí wa lójú ọ̀nà náà. Àmín.

Mi ò tíì jókòó o. Èmi náà ti wàásù fún wákàtí kan, ẹ̀ ń ṣe àmín, ẹ̀ ń mi orí. Ẹni tó bá gbọ́ ibi tí mo ti ṣì í, kó dìde, kó sọ ọ́ báyìí. Mò ń dúró dè ọ́.